Ọmọ mi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì: ṣé ọ̀dọ̀ dókítà ni kó ti kọ́ ọ, àbí ilé-ẹ̀kọ́?

Ìyá Elélùbọ́, Ìkéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Mo mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 17 ní oṣù tó kọjá. Láti kékeré ló ti ń sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe. Bí àbúrò rẹ̀ bá ṣubú, òun ni yóò kọ́kọ́ sáré wá omi fọ ojú egbò. Ó ṣe WAEC lọ́dún yìí. Ó ní B3 nínú Bàọ́lọ́jì, C4 nínú Mátíìsì, C5 nínú Kẹ́místrì, C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì. Físíìsì ló já wa kulẹ̀, E8 ló ní.

Dókítà kan tó ní ọsibítù ládùúgbò wa ní kí n mú un wá. Ó ní ọdún kan ààbọ̀ ni yóò fi kọ́ iṣẹ́ náà, wọn yóò rán aṣọ funfun fún un, wọn yóò sì fún un ní sátífíkéètì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 150 náírà ni owó rẹ̀, mo sì lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ọjà ní kí n tètè gbà, kí ọmọ má jókòó sílé nítorí Físíìsì. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé nọ́ọ̀sì yìí náà ni nọ́ọ̀sì tí à ń bá ní ọsibítù ìjọba? Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n mú owó àkọ́kọ́ wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìdó

Ìyá mi, ẹ má tíì san owó yẹn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín ná.

Èmi náà gba ọ̀nà yẹn kọjá. Nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama, kò sówó nílé, ìyá mi bá fà mí lé dókítà kan lọ́wọ́ ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Kò tíì pé oṣù kan tí mo débẹ̀ tí mo ti ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́. Ẹni tó kọ́ mi, ọdún kan péré ló fi ṣáájú mi. Ó ní kí n wá ibi tí ẹran bá ti pọ̀ ní ìdí, kí n gún un níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa abẹ́rẹ́ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá, kò tíì pé ọdún méjì, ibà ń ṣe é. Kiníìnì ni wọ́n ní kí n gún un. Mo fọwọ́ wá ibi tí ẹran wà ní ìdí ọmọ náà, mo gún un. Ó ké, a rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n gbé e lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ gbé e padà wá. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn gbé e kalẹ̀ sórí símẹ́ńtì níwájú mi, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó." Ọmọ tó ń sáré tẹ́lẹ̀ wá ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀lé òsì. Iwájú ẹsẹ̀ náà kò gbé sókè mọ́.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gidi. Olùkọ́ wa ya ìdí èèyàn sójú pátákó, ó pín in sí mẹ́rin, ó wá fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa iṣan ńlá kan, èyí tí òyìnbó ń pè ní nerve, tó nípọn bí ìka ọwọ́, tó gba inú ìdí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ó ní ìdá tòkè, ní apá ìta, nìkan ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọ̀, pé ọmọ kékeré ńkọ́, itan ni kí á gún un. Mo bú sẹ́kún ní kíláàsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé inú ló ń run mí. Ọmọ yẹn á ti di géńdé báyìí, n kò sì mọ bó ṣe ń rìn.

Ìyá mi, mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni dókítà àdúgbò yín. Bóyá ó tiẹ̀ láàánú ọmọ yín ni. Ṣùgbọ́n wọn yóò gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́ kí wọ́n tó fi iṣan yẹn hàn án. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè yín: rárá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọgzíléérì (auxiliary nurse) ni a máa ń pe àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí à ń pè ní nọ́ọ̀sì lójú òfin ni ẹni tí Káńsù àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó yege ìdánwò Káńsù, tó gba láìsẹ́ńsì, tó sì ń sọ láìsẹ́ńsì náà dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Sátífíkéètì ọsibítù aládàáni kò lè gbé ọmọ yín dé yàrá ìdánwò yẹn. Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀ àti owó yín, ìdí E8 yẹn náà ni yóò tún padà sí, ọjọ́ orí á sì ti kún un.

Tísà Físíìsì, Ìkọ̀lé

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí E8 yẹn. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń bèèrè: Gẹ̀ẹ́sì, Mátíìsì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì. Ìjókòó ìdánwò kan tàbí méjì ni wọ́n lè ti wá, kò gbọdọ̀ ju méjì lọ. Mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ fún NECO ti ìta, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní ìparí ọdún. Bí owó bá wà, kó tún gbogbo márààrún ṣe, torí àwọn yunifásítì kan wà tó jẹ́ ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ fún nọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí, Físíìsì ni kó gbájú mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ló máa ń bi mí pé kí ni Físíìsì fẹ́ ṣe fún wọn ní wọ́ọ̀dù. Ẹ̀bi àwa tísà ni, à ń kọ fọ́múlà sójú pátákó, a ò fi ohun kan hàn wọ́n. Mo máa ń gbé àpò omi dírììpù kan àti ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá lọ sí kíláàsì. Màá gbé e kọ́ sórí fèrèsé, màá ní kí wọ́n wo bó ṣe ń kán. Lẹ́yìn náà màá gbé àpò náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò máa lọ́ra, títí yóò fi dúró. Mi ò tíì dárúkọ pressure tí gbogbo wọn ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé omi kọ́ sókè orí aláìsàn.

Ìgbà yẹn ni màá wá ní kí wọ́n mú bírò. Dókítà ní kí lítà kan wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí 8. Ọ̀pá yìí, ìkán 20 ló ń pé mílílítà 1. Lítà kan jẹ́ mílílítà 1,000, ìyẹn ìkán 20,000. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Pín 20,000 sí ọ̀nà 480: ó lé díẹ̀ ní 41, a ó pè é ní 42 ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì yóò wo aago ọwọ́ rẹ̀, yóò máa ka ìkán, yóò máa yí kẹ̀kẹ́ kékeré ara ọ̀pá náà títí yóò fi bá 42 mu. Bí ó bá ṣì í kà fún arúgbó tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó bá ti rí èyí kì í sùn nínú kíláàsì mi mọ́.

Ti JAMB: Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì ni kó mú. Mátíìsì kò sí níbẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, ó kàn gbọ́dọ̀ wà nínú WAEC tàbí NECO ni. Ìbéèrè 180 ni, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù, wákàtí méjì. Orí kọ̀ǹpútà ni, nítorí náà kó lọ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n tí ìbẹ̀rù máòsì gba ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkò

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán ẹ̀yin àgbà. Ọdún kẹta mi rèé nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe JAMB kí n tó wọlé, nítorí náà kí àbúrò mi má rò pé òun nìkan ni nǹkan ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ọ̀nà méjì ló wà mà. Ọ̀kan ni yunifásítì, ọdún márùn-ún. Ní Adó níbí, EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, ń ṣe é, ABUAD, yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, náà ń ṣe é, àmọ́ ti aládàáni ni ABUAD, owó rẹ̀ yàtọ̀. Èkejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di ND ọdún méjì àti HND ọdún méjì. JAMB ni wọ́n fi ń wọ méjèèjì báyìí. Ìdánwò Káńsù kan náà ló ń dúró de gbogbo wa níkẹyìn, kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́lẹ́ẹ̀jì bú yín. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn wà lórí rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ti jáde, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ ní gbogbo wọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn JAMB, ilé-ẹ̀kọ́ yóò tún dán wọn wò fúnra wọn, àwọn kan á sì bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Wọ́n bi èmi pé kí ló dé tí mi ò ṣe dókítà. Mo ní dókítà á wá, á lọ, èmi fẹ́ jẹ́ ẹni tó kù síbẹ̀ lálẹ́. Òótọ́ ọkàn mi ni mo sọ.

Kó máa mú ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lójoojúmọ́, ìyẹn ti yé gbogbo èèyàn. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo máa ń fi Yorùbá ṣàlàyé Bàọ́lọ́jì fún ìyá mi àgbà. Màmá ò kàwé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń bó iṣu, mo sọ fún wọn pé yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, pé ẹ̀jẹ̀ ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Wọ́n gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló dé tí kì í fi padà sẹ́yìn?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti kà á nínú ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Mo sáré padà lọ wò ó: ilẹ̀kùn wà láàárín wọn tó ń ṣí síhà kan ṣoṣo. Títí mo fi máa kú, mi ò lè gbàgbé iṣẹ́ valve. Ẹ jẹ́ kó máa kọ́ yín, mà. Ẹ máa bi í léèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Bí ó bá wọlé tán, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) kí ó tó bọ́ sí wọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà, nítorí náà kó má fi falẹ̀. Kó ra aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí wọ́n ń fi pín-ìnnì há àyà. Kó gé èékánná.

Bàbá Awakọ̀, Ọ̀tùn

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí owó ló bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n kọ "nọ́ọ̀sì" sí lára ògiri ni Káńsù mọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ibi tí Káńsù mọ̀ ló lè gba gbogbo ẹni tó bá mówó wá. Káńsù máa ń lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò wo tísà àti ọsibítù tí àwọn ọmọ yóò ti kọ́ṣẹ́, wọn yóò wá sọ iye ọmọ tí wọ́n lè gbà. Kóòtà ni wọ́n ń pè é. Orúkọ àwọn tó bá wà nínú kóòtà ni ilé-ẹ̀kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí Káńsù, ìyẹn ni indexing.

Ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni mo mú ọmọbìnrin mi lọ. Wọ́n gba owó mi ní kíkún, wọ́n rán yunifọ́ọ̀mù fún un, ó kàwé ju ọdún kan lọ. Ọjọ́ tí indexing dé, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gba ọmọ ju iye tí wọ́n fún wọn lọ. Wọ́n ní kó padà sẹ́yìn, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tuntun, pẹ̀lú owó tuntun. Mọ́tò mi kan ni mo tà. Ó ti parí báyìí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú mi kọ́gbọ́n. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè nǹkan méjì: ṣé Káńsù mọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí títí di òní, kí sì ni kóòtà wọn? Orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì Káńsù. Bí ẹni tó ń gba owó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ dìde níbẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́, Ìkéré

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ọmọ náà ló kà á sí mi létí. Nígbà tó dé ibi ọmọ tó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó dákẹ́, kò lè kà á mọ́, èmi ni mo ní kó máa bá a lọ. Olúwa á tù yín nínú, Nọ́ọ̀sì Àgbà.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnìkan ní kí n mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlera tó wà ní Ìjerò, pé kíá ni wọ́n ń jáde níbẹ̀. Ṣé nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe? Èkejì, owó. Èlùbọ́ ni mò ń tà o.

Òṣìṣẹ́ Ìlera, Ìjerò

Ìjerò ni mo ti jáde, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ gba ohun tí mo bá sọ gbọ́. CHEW la jẹ́, òṣìṣẹ́ ìlera abúlé. Àwa la wà ní àwọn ibùdó ìlera kéékèèké, àwa là ń gún àwọn ọmọ ní àjẹsára, àwa là ń wọ ilé dé ilé. Bọ́ọ̀dù tiwa yàtọ̀ sí Káńsù àwọn nọ́ọ̀sì, láìsẹ́ńsì tiwa náà yàtọ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ̀kọ́ gidi sì ni, kò bá ti ọgzíléérì dọ́gba rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́kàn ọmọ yín, kó má wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọkàn pé yóò ti ibẹ̀ fò sí nọ́ọ̀sì. Yóò tún padà lọ ṣe JAMB bíi tàwọn yòókù ni. Àwọn méjì tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì mi, ọdún ló bá a lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkò

Lórí owó, mà, ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà, NELFUND ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀, kò ní èlé. Bí ó bá wọ yunifásítì ìjọba, wọn yóò san owó ilé-ìwé fún yunifásítì náà tààrà. Ẹni tó bá tún bèèrè owó ìtọ́jú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 20 náírà ni lóṣooṣù. Ohun tó wà lórí NIN rẹ̀ àti ti JAMB rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, kó yẹ̀ ẹ́ wò láti ìsinsìnyí bóyá orúkọ rẹ̀ rí bákan náà lórí méjèèjì. Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ, mo pàdánù odidi sáà kan.

Agbẹ̀bí, Ìfàkì

Ẹ ti sọ ti ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mọ ti ara iṣẹ́ pẹ̀lú. Yóò gbé ìgbẹ́ ẹlòmíràn dànù. Yóò dúró ní ẹsẹ̀ láti alẹ́ di àárọ̀. Aláìsàn yóò kú lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò pa ojú rẹ̀ dé, tí yóò wẹ̀ ẹ́, tí yóò so ìdámọ̀ mọ́ ọn lára, tí yóò sì tún yíjú sí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tó ń bèèrè omi. Òkú àkọ́kọ́ tí mo wẹ̀, bàbá arúgbó kan ni. Nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú mi ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́: "Bàbá, a fẹ́ yí yín sí apá òsì o." Mo rò pé ó ti gbàgbé pé bàbá ti kú. Kò gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe títí dòní.

Bí ẹnìkan bá wà ní ọsibítù tí ẹ mọ̀, kó lọ jókòó tì í lọ́jọ́ mélòó kan, kó gbé omi, kó bá a fọ abọ́. Kó wo bóyá ọkàn rẹ̀ gbà á.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìdó

Òótọ́ ni agbẹ̀bí sọ. Ìyá mi, ẹ kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ lórí ìkànnì yìí. Bí ọmọ náà bá lè wá sí Ìdó ní ọ̀sẹ̀ kan, yóò sùn nílé mi, màá sì jókòó tì í lórí ìwé rẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́, Ìkéré

Mo ti lọ bá dókítà náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ọmọ mi máa tún ìdánwò ṣe ná. Kò bínú. Owó tí mo fẹ́ kó fún un ni mo fi san NECO àti lẹ́sìnnì, èyí tó kù wà nínú àjọ. Nọ́ọ̀sì Àgbà, mo ti kọ sí yín.

Tísà, ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti ra ọ̀pá dírììpù àti àpò omi kan ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó tí mo máa ń fi òṣùwọ̀n kọ́, lókè àwọn àpò èlùbọ́, ó gbé ike sísàlẹ̀. Òun ń ka ìkán, èmi ń wo aago. Ó kọ́kọ́ jẹ́ 58. Ó yí kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀, ó di 47. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní kí n tún wo aago, ó ti di 43.